Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀nà Ẹni Tí Yóò Fúnni Gbòòrò: Ọ̀rọ̀ Lórí Wíwá Kíndìnrín Fún Aláìsàn

  

Àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n ní kí àwa ẹbí kan nínú ẹgbẹ́ yìí wá sọ ohun tí ojú wa rí láti nǹkan bí ọdún méjì tí a ti ń wá ẹni tí yóò fún àbúrò wa ní kíndìnrín kan. Àwa kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni a kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí a tó wọ ọkọ̀ rélùwéè wá sí Òkè Ọya, tí a wá kọ́ ọjà títà lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Sabon Gari. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí, àti ohun tí àwọn dókítà fi sùúrù là yé wa, ni ẹnu wa yóò sọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Kíndìnrín méjì ni Ọlọ́run fún olúkúlùkù wa, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ní ẹ̀yìn ikùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ. Iṣẹ́ wọn ni láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá ológì ti ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Ní ọ̀sán kan àti òru kan, omi tí wọ́n ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ tó lítà 180. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń dá padà sínú ara; ìwọ̀nba tí ó kù, bíi lítà kan tàbí méjì, pẹ̀lú ìdọ̀tí tí wọ́n sẹ́ jáde, ni à ń tọ̀. Wọ́n tún ń bá wa ṣọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Bí asẹ́ méjèèjì bá bàjẹ́, ìdọ̀tí á máa kún inú ara. Ẹsẹ̀ àti ojú á wú, oúnjẹ á kọ ẹnu, ó máa ń rẹ ènìyàn bí ẹni tí ó ru àpò sìmẹ́ǹtì láti òwúrọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú ni pé kì í tètè pariwo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ títí kíndìnrín yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán.

Bí ó ti rí fún àbúrò wa nìyẹn. Bàtà ni ó ń tà. Ọjọ́ tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ni a kọ́kọ́ gbọ́ pé kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ni ó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Bí ó ti yẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tí ó bá jókòó ti ẹ̀rọ ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ wo ni yóò lọ ra ọjà, ọjọ́ wo ni yóò sì tà á?

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun dín owó ẹ̀rọ yìí kù ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, láti ₦50,000 sí ₦12,000 fún ẹ̀ẹ̀kan. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ₦12,000 jẹ́ ₦36,000 lọ́sẹ̀, ìyẹn ₦1,872,000 lọ́dún. Ẹni tí ó bá sì ń san ₦50,000 yóò san ₦7,800,000 lọ́dún. A kò tí ì ka oògùn, a kò tí ì ka ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fi ẹ̀ẹ̀mẹta ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó ń fi dín owó kù.

Ọ̀nà tí ó sàn ju ẹ̀rọ lọ ni pé kí a rí ẹni tí yóò fún aláìsàn ní kíndìnrín kan nínú méjì tirẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó. Ní 2002 wọ́n ṣe é ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọdún kan náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín ní Kano, ní ilé ìwòsàn Aminu Kano. Ẹni tí ó bá gba kíndìnrín yóò máa lo oògùn títí ayé rẹ̀ kí ara má bàa kọ àlejò náà, oògùn náà sì wọ́n. Síbẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ó lè padà sí ìṣọ̀ rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè wa, ọwọ́ alààyè ni à ń gbójú lé. Nítorí náà, iṣẹ́ tó kù kì í ṣe ti dókítà nìkan. Ti ẹbí àti ẹgbẹ́ ni.

Nígbà tí wọ́n ní kí a lọ wá ẹni tí yóò fúnni, ọkàn wa balẹ̀ nítorí pé a pọ̀. Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ ṣe di díẹ̀. Ọmọ ìyá márùn-ún ni wá, aláìsàn jẹ́ ọ̀kan, ó ku mẹ́rin. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wa, tí ó ń ka ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ni ó kọ́kọ́ lọ. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ga ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, dókítà ní kí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ẹnìkejì ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ku méjì. Irú ẹ̀jẹ̀ àbúrò wa ni O. Ẹni tí ó bá ní O lè fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ irú tirẹ̀ nìkan ni ó ti lè gbà. A ni ti ọ̀kan nínú àwọn méjì náà, B ni ti èkejì. Báyìí ni ọmọ ìyá ṣe tán.

Ìyàwó rẹ̀ ní òun yóò fún un. Irú ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu, ṣùgbọ́n ọmọ wà lọ́mú, dókítà sì ní kí ó já ọmọ náà lẹ́nu ọmú ná. Àwọn òbí rẹ̀ wá bá wa. Wọn kò pariwo, wọ́n kàn béèrè pé, “Bí ọkọ àti ìyàwó bá jọ dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ta ni yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò bọ́ ọmọ mẹ́ta?” A kò rí èsì fún wọn. Ẹ̀yin ará wa, ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni ó bí ohun tí a wá bẹ̀bẹ̀ fún lónìí.

Nígbà ọdún, a padà sílé, a pe ìpàdé ẹbí. Àgbà kan dìde ó ní kí a má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, tí ara rẹ̀ le, tí ó ń jẹun wa, kí a mú un lọ. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní, “Ohun tí ẹ bá wí ni.” Ìyá wa ni ó kọ̀. Ìyá ní, “Ẹni tí ó ń jẹun lọ́wọ́ ẹni kò lè sọ pé rárá. Ẹni tí kò bá sì lè sọ pé rárá, bẹ́ẹ̀ ni tí ó wí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni.” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti yí ọ̀nà ìwákiri wa padà. A kò dúró ti ẹnikẹ́ni lójú kí a ní kó fún wa. Ìwé kan ni a kọ. A kọ orúkọ àìsàn náà sí i, a kọ irú ẹ̀jẹ̀ tí à ń wá, a kọ ohun tí ojú ẹni tí yóò fúnni yóò rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò fi ewu kankan pamọ́. A kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kà á ní mọ́sálásí, a kà á ní ìpàdé ẹgbẹ́ àti ti ọlọ́jà. A ní kí ẹnikẹ́ni má dá wa lóhùn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá gbà á, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá àwọn dókítà. Níbẹ̀, wọn á bá òun nìkan sọ̀rọ̀ láìsí ẹbí nítòsí. Bí ó bá sì yí ọkàn padà, ohun tí wọn yóò sọ fún wa kò ju pé kò bá a mu lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà nínú irú ìṣòro yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kéde, ẹ má fipá tọrọ.

Ìkéde náà mú kí àwọn ènìyàn máa bi wá ní ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ẹ̀rù ni ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró, kì í ṣe àìláàánú.

Wọ́n ní, ǹjẹ́ ẹni tí ó fúnni yóò pẹ́ láyé? Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1954, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n fi sára Richard, ìkejì rẹ̀. Ìbejì ni wọ́n, wọ́n jọra wọn bí imú ṣe jọ imú. Ìyẹn ni àkọ́kọ́ tí ó yọrí sí rere. Richard tí ì bá kú nígbà náà lo ọdún mẹ́jọ sí i. Ronald tí ó fúnni kò kú títí di 2010, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 79. Ọdún 56 ni ó fi kíndìnrín kan lò láyé. Kíndìnrín tí ó bá kù máa ń tóbi sí i, a sì gba iṣẹ́ èkejì mọ́ tirẹ̀.

A kò ní tan yín pé kò sí ewu. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010, lórí àwọn olùfúnni tí ó lé ní 80,000, fi hàn pé nínú 10,000 ènìyàn tí ó fúnni, bíi mẹ́ta ni ó kú láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Nítorí náà ni dókítà fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ọkàn, ìfúnpá àti ṣúgà ẹni náà wò fínnífínní, tí wọ́n sì ń lé ọ̀pọ̀ padà.

Wọ́n ní, ṣé ọkùnrin yóò lè bímọ? Kíndìnrín kò sí lójú ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wá. Obìnrin náà ń bímọ lẹ́yìn rẹ̀, àfi pé ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún lè fẹ́ pọ̀ díẹ̀ sí i, kí ó tètè sọ fún dókítà rẹ̀. Wọ́n ní, ṣé yóò lè ṣiṣẹ́? Yóò sinmi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo ní gbogbo àkókò náà, lẹ́yìn èyí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn mìíràn ní, bí a bá padà wá sáyé ńkọ́, ṣé a ó wá pẹ̀lú ẹyọ kan? Bàbá wa àgbà kò ní eyín kan lẹ́nu nígbà tí ó kú. Ọmọ tí a sọ ní Babátúndé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá wo eyín funfun báláú lẹ́nu rẹ̀. Ẹlẹ́dàá tí ó fún un ní eyín mọ ibi tí kíndìnrín wà. Ní ti ìsìn, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tí wọ́n pàdé ní Jeddah ní 1988 gbà á láàyè, bí kò bá ti pa ẹni tí ó fúnni lára, tí kò sì sí títà nínú rẹ̀. Póòpù John Paul Kejì náà, ní ọdún 2000, pè é ní iṣẹ́ ìfẹ́ tòótọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Àwọn kan wá bá wa ní ìṣọ̀, wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀, pé àwọn mọ ọmọkùnrin kan tí gbèsè dè mọ́lẹ̀, yóò ta tirẹ̀. A ní kí wọ́n máa lọ. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti tà á, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí ó fúnni gba èrè lórí rẹ̀. Kò sì gbà kí wọ́n mú un lára ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18. Gbogbo wa ni a gbọ́ ẹjọ́ Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu ní London ní 2023. Ilé ẹjọ́ dá òun, ìyàwó rẹ̀ àti dókítà kan lẹ́bi pé wọ́n gbìmọ̀ gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta ọjà lójú pópó ní Èkó lọ sí ọ̀hún nítorí kíndìnrín rẹ̀, láti fi tọ́jú ọmọbìnrin wọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ ni wọ́n dá fún sẹ́nétọ̀ náà. Kò sí òbí tí kò mọ ìrora ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn tí ń ta ọjà lójú pópó, ọmọ ni òun náà. Lójú pópó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó síhìn-ín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ wa dáadáa o. Òfin kan náà tí ó ka èrè léèwọ̀ gbà pé kí a dá ìnáwó tí ó tọ́ padà fún ẹni tí ó fúnni, ìyẹn ohun tí ó ná nítorí pé ó fúnni. Èrè yàtọ̀ sí ìnáwó. Ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ gba ẹnìkejì là, kò yẹ kí ó jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Ibí yìí ni ìbéèrè àwọn òbí ìyàwó àbúrò wa ti rí èsì. Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ ni pé kí apá kan nínú owó ìfilọ́lẹ̀ òní wà fún ẹni tí yóò fúnni, yàtọ̀ sí ti aláìsàn, báyìí:

Èkínní, owó ọkọ̀, oúnjẹ àti ilé gbígbé ní gbogbo ọjọ́ àyẹ̀wò, àti fún ẹni tí ó bá ti ilé wá, nítorí ìbátan ọ̀pọ̀ wa kò sí ní ìlú yìí.

Èkejì, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì máa gba ìṣọ̀ rẹ̀ dúró ní àrọ́wọ́tó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n tà sílẹ̀, kí oníbàárà rẹ̀ má bàa tú ká.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ máa san owó àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́dọọdún. Gbogbo wa máa ń bi aláìsàn pé báwo ni ara. Ẹni tí ó fúnni, a kì í rántí bi í.

Ẹ̀kẹrin, kí ìwé ẹ̀rí wà fún gbogbo kọ́bọ̀, kí agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ àti ilé ìwòsàn sì kọ́kọ́ wo ètò náà, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé a fi ẹ̀yìn pọ́n ọjà títà.

Ẹ̀karùn-ún, kí orúkọ ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò wà ní àṣírí títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí, àti lẹ́yìn rẹ̀ bí òun bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí a tó jókòó, ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ara yín le. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wà lára ohun tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù. Oògùn ìrora tí à ń gbé mì lójoojúmọ́ láìbi dókítà, àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti ìpara ìbóra tí ó ní mákúrì nínú, gbogbo wọn lè bà á jẹ́. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tún ṣàwárí ìyípadà kan nínú ẹ̀jẹ̀ ìran, lára ohun tí wọ́n ń pè ní APOL1. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá àti àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn. Ó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ irú àrùn oorun kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, kíndìnrín rẹ̀ lè tètè bàjẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá ní àìsàn yìí nínú ilé, kí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ yẹ ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá wọn wò. Bí ẹni tí ń ka ìwé yìí kò bá lọ yẹ ara rẹ̀ wò nítorí àbúrò rẹ̀, kì bá tí mọ̀ pé ìfúnpá tirẹ̀ ga.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò wa dé. Ó ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Ẹnì kan wà nísinsìnyí tí àyẹ̀wò rẹ̀ ń lọ. A kò mọ̀ bóyá yóò bọ́ sí i. Kódà, a kò mọ ẹni náà, a kò sì béèrè. Ó lè jẹ́ pé ó jókòó sáàárín wa lónìí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a ní láti sọ fún un ni pé, bí o bá tẹ̀síwájú, ẹgbẹ́ yìí kò ní jẹ́ kí ìṣọ̀ rẹ tì. Bí o bá sì padà lẹ́yìn, a kò ní mọ̀, a kò sì ní bínú.

Owó tí ẹ ó dá lónìí kò ní ra kíndìnrín. Kò sí owó tí ó yẹ kí ó rà á. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò mú ìdíwọ́ kúrò lọ́nà ẹni tí àánú ń ṣe, tí ó fẹ́ fúnni, ṣùgbọ́n tí ó ń ro ti ọmọ àti ti ìṣọ̀. Ẹ fi tọkàntọkàn dá a. Ẹni tí kò ní púpọ̀, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun yóò gba ìṣọ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn náà ju owó lọ.

Ọlọ́run kò ní fi àìsàn dán wa wò. Èyí tí ó bá wà nílẹ̀, yóò wò ó sàn. Ọjà wa yóò tà, àlàáfíà yóò wà ní ìlú yìí àti nílé tí a fi sílẹ̀.